Ẹni Tó Yà Á, Ẹni Tó Yí I

Ọ̀rọ̀ tí Ìyáàfin Seyfert kọ́kọ́ sọ sí mi láyé yìí, èébú ni. Ó wọ ọ́fíìsì wa ní ìlú Chemnitz lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ìrajà síwájú ara rẹ̀, ìwé ràbàtà méjì wà nínú ẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀lù bò wọ́n bí ẹni bo ọmọ ọwọ́. Ó wo kọ̀ǹpútà mi, ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ nínú ìwé ìròyìn pé ẹ lè ṣe iṣẹ́ ogún ọdún láàárín ìṣẹ́jú kan? Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ààyè gbá abẹ́ tábìlì yín?"

Lóòótọ́, abẹ́ tábìlì mi dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Ramona lorúkọ mi, èmi náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bú tó ń dákẹ́. Mo ní, "Ìyáàfin, ẹ jókòó ná. Ẹ̀rọ ni mò ń ṣe níbí, mi ò gba iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó béèrè kọfí, ó mu ún tán, ó sì ní kọfí náà ò dáa. Ọdún mẹ́fà gbáko la fi jọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tó sọ pé kọfí wa dáa.

Iṣẹ́ wa ò le láti ṣàlàyé. Ẹ mú apá irin mẹ́rin, ẹ fi oríkèé so wọ́n mọ́ra yípo, ẹ kan ọ̀kan mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń yí apá kan, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wá so pẹ́ńsùlù mọ́ apá tó wà láàárín, á máa ya ipa kan sórí ìwé bó ṣe ń lọ. Òmíràn á rí bí ẹ̀wà, òmíràn á rí bí ẹ̀kán omi, òmíràn á lọ́ra bí okùn bàtà. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ, tó fẹ́ kí abẹ́rẹ́ lọ síwájú, kó dúró díẹ̀, kó sì gba ẹ̀yìn padà, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ wá apá mẹ́rin tí ipa wọn bá ìfẹ́ rẹ̀ mu. Láyé ọjọ́un, inú ìwé ni wọ́n ti ń wá a, wọ́n á máa ṣí i lábala-lábala títí ojú á fi rí èyí tó jọ ọ́. Nísinsìnyí, ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwa ń ṣe ló ń bá wọn wá a. Ẹ ya ipa tí ẹ fẹ́, á wá àwọn apá rẹ̀ fún yín, á sì máa yí i lójú yín kí ẹ tó gé irin kankan. Ọ̀gá wa fẹ́ kó àwọn ipa inú ìwé àtijọ́ sínú ètò náà, ló bá fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn ìlú. Ìkéde yẹn ló gbé ìyá yìí dé.

Ìwé Ipa ni wọ́n ń pe ìwé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ tí ó ti ṣiṣẹ́ ló ṣe é fún ìlò ara rẹ̀, ẹ ò lè rà á níbì kankan. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni, irinwó abala nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdìpọ̀ kìíní àti ìkẹta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìlà kan nínú wọn tí kì í ṣe òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Mo fi ètò wa hàn án. Apá mẹ́rin ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ipa ń jáde lẹ́yìn wọn wẹ́rẹ́. Mo rò pé á yìn mí.

Ó ní, "Ta ló ń yí i?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà ò lọ́wọ́."

Mo ní, "Ìyáàfin Seyfert, òun náà ló ń yí i tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí."

"Mo ń rí i. Mo ní kò lọ́wọ́. Wo ìsàlẹ̀ abala yìí, kí lo rí?"

Ìbọwọ́lùwé méjì ló wà níbẹ̀. Òfin ọ́fíìsì wọn nìyẹn, òfin tí wọn kò gbọdọ̀ rú. Ẹni kan á ya ipa. Ẹlòmíràn á gba ẹ̀dà rẹ̀, á fi páálí gé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe gùn sí, á fi ìṣó kékeré so oríkèé wọn, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá lọ geere, á fọwọ́ sí i. Bí kò bá lọ, ẹni tó yà á á tún un yà. Abala tí kò bá ní ọwọ́ méjì nísàlẹ̀, kò wọ ìwé. Ọwọ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn ni I. S., Ingelore Seyfert. Ọwọ́ kejì ni R. L.

Nígbà tí mo ń gba àwòrán àwọn abala náà sínú kọ̀ǹpútà, ó máa ń jókòó tì mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé kí ó tó ṣí abala kan kọjá, á fi ìka nu R. L. yẹn, bí ẹni pé eruku wà lórí ẹ̀. Eruku ò sí níbẹ̀. Mo pa á mọ́ra títí, nígbà tó yá ẹnu mi ò gbà mọ́.

"Ta ni R. L.?"

"Ọ̀gbẹ́ni Löbel ni."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń nu Ọ̀gbẹ́ni Löbel lójú láti àárọ̀?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ramona, ẹnu ẹ yìí máa kó ẹ sí wàhálà lọ́jọ́ kan." Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́, lórí kọfí tí kò dáa.

Ọdún 1945 ni wọ́n bí i, ní ìlú yìí náà, lóṣù tí bọ́ǹbù sọ àdúgbò wọn di òkìtì bíríkì. Bàbá rẹ̀ ò ti ogun bọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó wọ ilé iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ẹ̀rọ, nítorí pé ó lè fa ìlà tó gún láìlo rúlà, ó sì fẹ́ràn kí ibi tó wà mọ́ tónítóní. Ó fẹ́ awakọ̀ ẹrù kan. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìgò ọtí ju ilé lọ, ọdún márùn-ún ò pé tí wọ́n fi túká, ọmọ ò sì sí. Lọ́dún 1971 ni wọ́n gbé Ìwé Ipa lé e lọ́wọ́, wọ́n sì mú ọkùnrin gbọọrọ kan wá láti ìlú Zwickau pé kó máa bá a yí i. Reinhart Löbel nìyẹn. Ó fi ọdún méjì kéré sí i, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ogún ọdún ni wọ́n fi kọjú síra, pátákó ìyàwòrán tirẹ̀ níhìn-ín, tábìlì páálí ti Löbel lọ́hùn-ún. "Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Seyfert." "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Löbel." Ó tán. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tàbí ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa pe orúkọ ara wọn. Òun sì ni obìnrin, òun náà ló dàgbà jù. Ọ̀rọ̀ kù sí i lẹ́nu. Ó ń retí ọjọ́ tó máa dára jù lọ, ogún ọdún sì kọjá lọ fẹ́ẹ́.

"Ṣùgbọ́n kí lẹ rí lára ẹ̀?" mo bi í.

Ó ronú. Ó ní, "Bó bá ń yí i, ó máa ń di ojú. Á di ojú méjèèjì, á fi ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò di apá páálí yẹn mú, á máa gbọ́ ibi tó ti fẹ́ lọ́ra. Ohun tí mo yà, Ramona, ohun tó ti orí mi jáde, ẹnìkan jókòó síwájú mi ó ń fọwọ́ bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kánjú. Bó bá tán, á la ojú, á wò mí, á ní, 'Ó lọ.' Ta ló tún ṣe irú ẹ̀ fún mi rí?"

Mo ti lọ́kọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò rí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ fún èmi náà. 

Ìgbà mẹ́tàdínlógún péré ló sọ pé "Kò lọ" ní ogún ọdún. Ìyáàfin Seyfert rántí gbogbo wọn. Kò bínú sí ìkankan, á tún un yà, ó parí.

Nígbà tí ẹnubodè ṣí, tí Ìlà Oòrùn, níbi tí àwa wà, àti Ìwọ̀ Oòrùn orílẹ̀-èdè wa di ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ra ẹ̀rọ tiwa mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991, wọ́n kéde pé ilé iṣẹ́ náà á tì ní Kérésìmesì. Ọgbọ̀n abala ló kù kí Ìwé Ipa pé ẹgbẹ̀fà. Kò sẹ́ni tó bèèrè wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀yin méjèèjì, ta lẹ ń yà á fún? Ṣé àwọn eku tó máa wá gbé inú ilé yìí náà ni?" Àwọn méjèèjì ò dáhùn, wọ́n ń yà, wọ́n ń yí.

Löbel ti rí iṣẹ́ sí Aachen, ní ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè lọ́hùn-ún lápá ìwọ̀ oòrùn. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, kò sì tíì dá àwọn ará Aachen lóhùn. Ìyáàfin Seyfert gbọ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù yẹn ló ṣí i lẹ́nu. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Löbel, lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí abala ẹgbẹ̀fà, ẹ máa bọ̀ nílé mi. Màá ṣí wáìnì. A ó jáwọ́ nínú Ìyáàfin àti Ọ̀gbẹ́ni, a ó sì jókòó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kù láyé wa."

Ó ní etí ọkùnrin náà pọ́n dé orí. Löbel ní, "Mo gbọ́, Ìyáàfin Seyfert."

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, wọ́n ń gbé tábìlì jáde lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn nígbà tí Ìyáàfin Seyfert parí abala ẹgbẹ̀fà ní aago méjì ọ̀sán. Löbel gba ẹ̀dà rẹ̀, ó ká a sínú báàgì, ó ní, "Màá yí i nílé." Ìyẹn lọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Kò wá. Kérésìmesì kọjá, ọdún tuntun wọlé, kò wá. Nígbà tí ó fi ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀, aládùúgbò ní ó ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn, òun àti àpótí kan, àti ìwé ńlá kan lábíyá. Ìdìpọ̀ kejì nìyẹn.

Ìyáàfin Seyfert ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ọgbà kan lẹ́yìn ìlú, ó ń gbin tòmátì. Abala ẹgbẹ̀fà wà nínú ìdìpọ̀ kẹta láìlẹ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo dìde dúró. Mo ní, "Irú ọkùnrin wo nìyẹn? Kó sọ pé òun ò wá! Kó kọ lẹ́tà! Ọ̀lẹ gbáà! Ẹni tí ò tó nǹkan kan!"

"Má bú u."

"Màá bú u! Ọdún mélòó?"

"Mo ní má bú u, Ramona. O ò mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kì í ṣe pé ó lọ ló ń dùn mí. Gbogbo èèyàn ló ń lọ nígbà yẹn. Ó fi mí sílẹ̀ láì fọwọ́ sí i ni. Bí ẹni pé èmi náà ò lọ."

"Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ yín?"

"Lójoojúmọ́," ó ní. "Màá máa gé páálí tí wọ́n fi kó bàtà wá, kí n lè jù ú nù, ọwọ́ mi á sì máa retí ọwọ́ ẹ̀. Àgbà bí èmi. Ṣé kò dójú tì mí?"

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó fẹ́ láyé, ẹ gbọ́ mi: kí ọkùnrin yẹn fọwọ́ sí abala kan ṣoṣo yẹn kí ọ̀kan nínú wọn tó kú.

Ọdún tó kọjá, a lọ sí ìpàdé ọdọọdún àwọn aṣẹ̀rọ bíi tiwa. Mo tẹ́ abala kan síwájú tábìlì wa fún àwọn èèyàn láti wò. Ọkùnrin kan láti Aachen dúró, ó na ìka sí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ náà. Ó ní, "Mo ti rí òǹtẹ̀ yìí. Nílé ìtọ́jú àgbà tí ìyá mi wà, bàbá kan wà ní yàrá kejì sí tiwọn, ìwé ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òǹtẹ̀ yìí ló wà lára ẹ̀. Kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ nu tábìlì."

Mo gba nọ́ńbà fóònù ibẹ̀. Èébú tí mo tò sílẹ̀ de Löbel, ó tó kún àpò. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù fún un, mo ní èmi Ramona ni, láti Chemnitz, mo mọ Ìyáàfin Seyfert. 

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà láyé. Wọ́n ń fẹ́ mọ̀ bóyá..."

"Ẹ ní kí wọ́n mú abala ẹgbẹ̀fà wá," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Kí wọ́n mú un dání wá."

Gbogbo èébú inú mi, ó gbẹ. Ohùn rẹ̀ ni, ohùn ẹni tí nǹkan kan ti ń jẹ lọ́kàn látọjọ́ pípẹ́.

Nítorí kí ọ̀nà lè mọ́ fún ìyá náà ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe. Mo ka ìwọ̀n apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí abala ẹgbẹ̀fà sínú ètò wa, mo fi àmì mẹ́rìnlélógún sórí ipa tó yà, mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún bọ́ sójú ipa gẹ́lẹ́. Iná àwọ̀ ewé tàn.

Ìyáàfin Seyfert, tí mo ti jíṣẹ́ Löbel fún, ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. "Ṣé ó lọ?"

"Ó lọ, Ìyáàfin Seyfert. Bó ṣe rí gan-an lẹ yà á."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ṣe irun, ó ra kóòtù búlúù tuntun, ó ṣe kéèkì ẹlẹ́yin tí a ń ṣe níhìn-ín, ó tò ó sínú agolo.

Oṣù Kẹta la lọ. Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta la máa wọ̀, èkejì sì pẹ́ fún wákàtí kan àbọ̀. Mo ń ṣépè fún wọn, mo ń rìn lọ rìn bọ̀. Òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé agolo kéèkì lé itan, ó ní, "Jókòó, jàre. Mo ti dúró ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Wákàtí kan àbọ̀ ò lè pa mí."

Nínú ọkọ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé igbó ló ń wò, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ó ń sọ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Reinhart," ó ń wí. "Reinhart." Á tún yí i padà, á mú un rọ̀. "Reinhart." Ó ń dán an wò lẹ́nu kó tó débẹ̀. Mo ṣe bí ẹni pé mo ti sùn, ṣùgbọ́n omijé lé ròrò sójú mi, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Löbel dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá onírin tí wọ́n fi ń rìn mú. Ó ti wọ táì. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n kò sí ẹran lára ẹ̀ mọ́.

"Ẹ káàsán, Ìyáàfin Seyfert."

Mo wo ìyá yìí lẹ́nu. Orúkọ tó ti ń dán wò láti àárọ̀, kò pè é. Ó ní, "Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Löbel." Wọ́n bọwọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì.

A jókòó. Löbel bi ìyá náà léèrè ìrìn-àjò, ìyá náà bi í léèrè eékún rẹ̀. Mo ń jẹ ètè mi. Nígbà tó yá, ìyá náà tẹ́ abala ẹgbẹ̀fà sórí tábìlì, ó fi ife mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi bírò lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà. Löbel mú gíláàsì ìkàwé, ó tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kò sẹ́ni tó ń fa ìlà báyìí mọ́," ó ní. Ṣùgbọ́n kò mú bírò.

Mo ṣe bí ẹni tó gbọ́n. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Löbel, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti fi kọ̀ǹpútà yí i. Ó lọ."

Ó wò mí. Kò bínú o. Ó kàn wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ní òun ti wẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan jáde, ó sì fa páálí inú rẹ̀ jáde: apá mẹ́rin tí ìṣó kékeré so pọ̀, páálí náà ti rọ̀ létí. Ó tì í síwájú ìyá náà.

"Ẹ yí i, Ìyáàfin Seyfert."

Ìyá náà di ojú. Ojú méjèèjì ló dì, bó ṣe sọ fún mi pé ọkùnrin náà máa ń ṣe. Ó fi ìka méjì di apá mú, ó ń yí i. Ó lọ, ó lọ, apá méjì na ara wọn gbọnrangandan, ó dúró. Ó yí i padà sẹ́yìn. Ó lọ, ó tún na, ó tún dúró. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá la ojú, ó yọ ìṣó oríkèé kan, ó ká apá náà sí òdìkejì, ó fi ìṣó padà, ó yí i. Ìgbà yẹn ló tó rìn dé ìyókù ipa náà.

"Méjì ni wọ́n," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Ìdajì méjì ni. Èmi ni mo fi ìlà so wọ́n pọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ so wọ́n pọ̀."

Kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì ló kù. Èmi ni mo kọ ìyẹn nínú ètò wa, ẹnikẹ́ni ò bá mi kọ ọ́. Mo ní kó bèèrè bóyá àmì gbogbo wà lójú ipa. Mi ò ní kó bèèrè bóyá èèyàn lè ti ọ̀kan dé ìkejì láìtú oríkèé. Ìyá yẹn ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní pé kọ̀ǹpútà ò lọ́wọ́, mo pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà tó ti dàgbà jù. Èmi ni mo fi iná àwọ̀ ewé gbé e rìn ká orílẹ̀-èdè wá gbọ́ èyí.

Ìyáàfin Seyfert ò wò mí. Löbel ló ń wò. "Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn náà. Mo dé ilé, mo gé e nínú kíṣìnì, mo yí i. Mo yí i ní ìgbà ogójì. Mo rò pé èmi ni mo gé e dà rú."

"Ìgbà mẹ́tàdínlógún lẹ ti sọ fún mi pé kò lọ. Ṣé mo bínú sí yín rí?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ gbọ́n etí tábìlì tí kò sí eruku lórí ẹ̀.  "Nítorí ohun tí ẹ ti sọ ni. Ẹ ní lọ́jọ́ tí mo bá fọwọ́ sí i ni kí n wá. Bí mo bá ní kò lọ, ẹ ó rò pé èmi ni mi ò fẹ́ wá. Ẹ ó rò pé mo wá ọgbọ́n láti kọ̀ yín ni. Mi ò sì lè fọwọ́ sí ohun tí kò lọ. Ẹ mọ̀ mí. Mi ò lè ṣe é, kódà nítorí yín. Mo jókòó ti páálí yìí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ wọ ilé yín láìfọwọ́ sí i. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin."

"Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin," ìyá náà ní.

"Mo ń wò ó lójoojúmọ́ láti ìgbà yẹn. Mo rò pé bóyá lọ́jọ́ kan ó máa lọ."

 Níta, ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá ní kọ́ríídọ̀, abọ́ ń dún wọ̀nràn-wọ̀nràn. Ìyáàfin Seyfert gbé bírò tó fi lélẹ̀ fún un, ó dé e, ó fi padà sínú báàgì rẹ̀. Ó wá na ọwọ́ lórí tábìlì, ó gbé e lé ọwọ́ ọkùnrin náà tó ṣì ń gbọ́n tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dẹ́kun.

"Reinhart," ó ní. "Ǹ bá ti tún un yà lọ́jọ́ Ajé."

Omi ti dà lójú Löbel. "Lọ́jọ́ Ajé, kò sí ọ́fíìsì mọ́."

"Ọ́fíìsì ni kò sí," ó ní. "Èmi wà nílé. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo wà nílé."